Bad Ems ní Jámánì: Ìlú Ìwẹ̀ Tí Ọ̀rọ̀ Ogun àti Ọ̀rọ̀ Èdè Ti Bá Àwọn Ọba

Létí odò Lahn, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì, òkúta kan wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà nasẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ń yára lè kọjá lára rẹ̀ láì bojú wò ó. Ọjọ́ àti wákàtí ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀: ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 1870, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ tí ọba kan àti ikọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan bá ara wọn sọ ní ojú ibẹ̀ kò gùn, wọn kò sì pariwo lé ara wọn lórí. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ilẹ̀ Faransé ti kéde ogun. Kí ọdún kan tó yípo tán, ìjọba ńlá tuntun kan ti fìdí múlẹ̀ ní àárín gbùngbùn Yúróòpù.

Bad Ems ni orúkọ ìlú tí òkúta náà wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú orúkọ náà bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìwẹ̀ ni “Bad” túmọ̀ sí ní èdè Jámánì. Kì í sì í ṣe gbogbo ìlú tí ó bá wù ni ó lè fi í kún orúkọ rẹ̀. Ìjọba ni ó ń fi oyè náà dá ìlú lọ́lá, lẹ́yìn tí ó bá ti dá a lójú pé omi ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ àti ilé ìtọ́jú tí ó wà níbẹ̀ kún ojú òṣùwọ̀n. Ems lásán ni wọ́n ń pe ìlú yìí láti ayébáyé. Ọdún 1913 ni ó di Bad Ems. Oyè tí ń mú owó wọlé ni, nítorí àlejò tí ó bá sùn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ a máa san owó díẹ̀ lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, owó náà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọgbà, ọ̀nà ìnasẹ̀ àti àwọn olórin tí ń dá àlejò lára yá.

Ìlú náà kò tóbi. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Rheinland-Pfalz, òun sì ni olú ìlú agbègbè Rhein-Lahn. Koblenz, níbi tí odò Moselle ti wọ inú odò Rhine, kò jìnnà sí i. Inú àfonífojì tóóró ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Òkè onígbó dúró lọ́tùn-ún àti lósì, odò Lahn gba àárín kọjá, àwọn ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n kun ní ọ̀dà funfun àti ti àwọ̀ ìpara sì tò lọ sí etí omi bí àwọn tí ó jókòó ní ojú agbo.

Omi ni ó sọ ibẹ̀ di ibi tí a ń dárúkọ. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àwọn òkè náà a máa rin wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà réré, a ó bá ìgbóná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pàdé, a ó yọ́ iyọ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú àpáta mọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gba ojú pàlàpálá àpáta padà wá sókè, pẹ̀lú èéfín tí ń mú un hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ìsun náà kì í ṣe ẹyọ kan, ìgbóná wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Kränchen, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀rọ omi kékeré. Òmíràn ń jẹ́ Kaiserbrunnen, kànga Ọba-ńlá. Èyí tí ó gbóná jù, tí wọ́n fi orúkọ Robert Kampe pè, tó ìwọ̀n 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a sì máa ta sókè bí ìgbà tí a fi ẹ̀rọ fọ́n ọn.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fi omi náà ṣe: wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń fa oruku rẹ̀ símú. Àwọn tí ikọ́ ń bá jà, àwọn tí ọ̀fun wọn ti há, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ṣe dáadáa, àti àwọn tí làkúrègbé dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wá a. Láti inú omi náà ni wọ́n ti ń yọ iyọ̀ Ems, tí wọ́n sì fi ń ṣe hóró oògùn tí a ń fi sẹ́nu bíi súùtì títí yóò fi yọ́. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ems ni ó ti lá hóró náà rí nígbà òtútù. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òótọ́ yóò fi kún un pé kì í ṣe omi nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ àti ìyọnu ilé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ó ń jí ní kùtùkùtù, tí ó ń rìn ní abẹ́ igi, tí ó ń jẹun ní àkókò, tí ó sì ń sùn ní àkókò, ara rẹ̀ kò ní ṣàì yá ju bí ó ti rí nígbà tí ó dé lọ.

Ìtàn àtijọ́ ìlú náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará Róòmù kọ́ àgọ́ ológun síbẹ̀ ní ojú ààlà ilẹ̀ wọn, èyí tí ó gùn tó nǹkan bí 550 kìlómítà. Ní ọdún 1324 ni ó gba àṣẹ ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdílé ọlọ́lá méjì jọ ń pín in jẹ, tí kálukú ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ní 1806 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Nassau nìkan. Ní 1866 ni Prọ́síà gba gbogbo Nassau mọ́ ara rẹ̀. Láàárín àkókò wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ Kursaal, gbọ̀ngàn àlejò tí ó ní òpó mábù, láàárín 1836 sí 1839, tí rélùwéè sì dé ìlú ní 1858. Rélùwéè ni ó tú ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Kí ó tó dé, ọlọ́lá tí ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ó ń rọrùn fún láti wá. Nígbà tí ó dé tán, oníṣòwò láti Frankfurt, ọmọ ọba láti Rọ́ṣíà àti òṣèré láti Paris lè sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Ilé tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù ní Jámánì, tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹni tí omi bá wò sàn lówùúrọ̀, tẹ́tẹ́ lè sọ ọ́ di aláìsàn lálẹ́. Ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn wọn ní òpin ọdún 1872, ti Ems sì wà ní títì fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí wọ́n fi tún un ṣí ní 1987.

Jacques Offenbach, tí ń ṣe eré olórin fún àwọn ará Paris, a máa kó àwọn òṣèré rẹ̀ wá síbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fyodor Dostoevsky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, wá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní 1874, 1875, 1876 àti 1879, nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí ìyàwó rẹ̀ kún fún ìráhùn: òjò pọ̀, ohun gbogbo wọ́n, èrò ń fún ara wọn pa níbi ìsun omi, kò sì sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi rẹ̀ bí dókítà ti ní kí ó mu ún, ó sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ.

Àlejò tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni Wilhelm Kìíní, ọba Prọ́síà. Láti 1867 títí dé 1887 ni ó fi ń wá sí Ems, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa ọdún kan jẹ. Àgbàlagbà ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ariwo ni. Ní Ems, a máa bọ́ aṣọ ológun kúrò lọ́rùn, a wọ ẹ̀wù lásán, a mú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, a sì máa nasẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ ère rẹ̀ sínú ọgbà ìlú, nínú aṣọ ojoojúmọ́. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó jẹ́ kí ikọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i mú ní ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a wí yìí.

Orí oyè ilẹ̀ Spéìn ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1868 àwọn ará Spéìn ti lé ọbabìnrin wọn kúrò, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi jọba. Wọ́n kàn sí Leopold, ọmọ ìdílé Hohenzollern, ìdílé kan náà tí ọba Prọ́síà ti wá. Nígbà tí Faransé gbọ́, ara wọn kò gbà á. Bí ìdílé kan bá jọba ní ìlà-oòrùn wọn, tí ó tún jọba ní gúúsù wọn, àárín ẹ̀ẹ̀mú ni wọn yóò wà. Wọ́n fárí gá, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje sì ni ìdílé Leopold kéde pé àwọn ti yọ ọmọ àwọn kúrò nínú ọ̀ràn náà. Ibi tí ó yẹ kí ó parí sí nìyẹn, nítorí Faransé ti rí ohun tí ó ń fẹ́ gbà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìjọba ní Paris kò jẹ́ kí ó parí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Vincent Benedetti, ikọ̀ wọn, pé kí ó gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọba fúnra rẹ̀ pé títí ayé òun kò ní fọwọ́ sí i kí ìdílé òun du oyè Spéìn mọ́. Benedetti pàdé ọba ní ojú ọ̀nà ìnasẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ọba dá a lóhùn pé kò sí ọmọ ènìyàn tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ de ọjọ́ iwájú bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba. Nígbà tí ó di ọ̀sán, tí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baba Leopold ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ọba rán ẹmẹ̀wà rẹ̀ kan sí Benedetti pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, òun kò sì ní ohun mìíràn láti fi kún un.

Akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Heinrich Abeken ni ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú wáyà tí wọ́n tẹ̀ sí Otto von Bismarck, olórí ìjọba Prọ́síà, ní Berlin. Ọba tilẹ̀ fi kún un pé bí Bismarck bá rí i pé ó yẹ, ó lè sọ ọ́ fún àwọn ikọ̀ àti àwọn oníwèé ìròyìn. Bismarck ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn olórí ogun méjì, Moltke àti Roon, nígbà tí wáyà náà dé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ó kà á fún wọn, oúnjẹ sú wọn, nítorí wọ́n rí i pé ogun tí wọ́n ń retí ti fẹ́ bọ́. Ni ó bá mú kálàmù. Kò fi ọ̀rọ̀ irọ́ kan kún un. Gígé ni ó gé e. Ó yọ gbogbo ibi tí ọba ti ṣàlàyé, ó yọ ibi tí ìtùnú wà, ó fi kìkì ìbéèrè ikọ̀ náà àti ìdáhùn ọba sílẹ̀, tí ẹni tí ó bá kà á yóò fi rò pé ikọ̀ Faransé ti fojú di ọba, ọba sì ti lé e bí ẹni lé ajá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a bá yọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní dúró bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìwé ìròyìn ti gbé e jáde ní Berlin. Ó dé Paris ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, ọjọ́ ọdún ńlá ilẹ̀ Faransé. Àṣìtúmọ̀ tún dá kún un. Ẹmẹ̀wà tí ọba rán sí Benedetti, ènìyàn pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn Jámánì fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń pe sójà onípò kékeré. Àwọn ará Paris ka ìròyìn pé wọ́n rán kékeré ológun sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè àwọn láti wá lé e. Ìgboro dàrú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ems, ọba àti Benedetti tún pàdé, wọ́n sì kí ara wọn pé ó dìgbóṣe gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò bá ara wọn jà. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń kígbe ogun.

Faransé kéde ogun ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, ọba wọn, Napoleon Kẹta, ti di ẹrú ogun ní Sedan. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1871, ní ààfin Versailles, lórí ilẹ̀ Faransé gan-an, wọ́n kéde pé gbogbo àwọn ìjọba kéékèèké ilẹ̀ Jámánì ti di ọ̀kan, Wilhelm sì ni Kaiser wọn. Wọ́n gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ Faransé, ìkùnsínú orí ilẹ̀ yẹn kò sì tán títí ogun àgbáyé fi dé ní 1914.

Ìjọba tuntun yìí kò pẹ́ tí ó fi nawọ́ dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní orúkọ Kaiser kan náà tí ń mu omi ní Ems lọ́dọọdún ni wọ́n fi ta àsíá ní Togo ní oṣù Keje ọdún 1884, ní Berlin tirẹ̀ ni àwọn alágbára Yúróòpù sì ti pàdé láti oṣù Kọkànlá ọdún náà títí dé oṣù Kejì 1885 láti jíròrò lórí bí wọn yóò ti pín Áfíríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Atakpamé, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, bọ́ sábẹ́ àsíá Jámánì bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí Jámánì àti Faransé ṣe ní 1897 ni ó fi ìlà ààlà gún sí àárín àwọn àti àwọn ìbátan wọn tí ń bẹ ní Dahomey. Jámánì ni ó jọba lé wọn lórí títí ogun 1914 fi lé e lọ. Ní Kamina tí kò jìnnà sí Atakpamé ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ jẹ́, kí ọ̀tá má baà rí i lò.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ti Ems jáde kò ní ariwo ìbọn nínú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Alexander Kejì, ọba Rọ́ṣíà, jẹ́ ọmọ arábìnrin Wilhelm, òun náà a sì máa wá sí Ems fún ìtọ́jú. Ní ọdún 1876, ní ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà ìgbà náà ń pè ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, tí kàlẹ́ńdà tiwa ń pè ní ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, wọ́n gbé ìwé kan wá bá a láti ilé. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ti jókòó lórí rẹ̀. Ọba fọwọ́ sí i ní ibi ìsinmi rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àṣẹ Ems.

Èdè ni àṣẹ náà dá lé, èdè àwọn ará Ukréìn, tí wọ́n pọ̀ lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Ìjọba kò tilẹ̀ gbà pé èdè ni. Ẹ̀ka èdè Rọ́ṣíà lásán ni wọ́n kà á sí. Láti 1863 ni mínísítà kan ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n má ṣe tẹ ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀sìn ní èdè náà mọ́. Àṣẹ Ems wá dí gbogbo ihò yòókù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ìwé tí a kọ ní èdè náà wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà láti òkèèrè láìgba àṣẹ pàtàkì. Wọn kò gbọdọ̀ tẹ ìwé tuntun, wọn kò gbọdọ̀ túmọ̀ ìwé sí i. Wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe eré orí ìtàgé. Àní bí olórin bá fẹ́ tẹ orin rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ èdè náà sábẹ́ ohùn orin. Kìkì ìwé ìtàn àtijọ́ àti àwọn iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kan ni wọ́n yọ̀ǹda, àwọn olùyẹ̀wéwò ìjọba yóò sì kọ́kọ́ kà á, wọn yóò sì rí i pé kò yà kúrò nínú bí Rọ́ṣíà ti ń kọ lẹ́tà tirẹ̀.

Àṣẹ náà kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan. Ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè tí yóò mú un ṣẹ. Nítorí náà òǹkọ̀wé lè mú ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n sì dá a padà, láì sí òfin tí ẹnikẹ́ni lè fi hàn án. Ní Kyiv, wọ́n ti ẹ̀ka ẹgbẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ tí ń ṣàkójọ orin àti ìtàn àwọn ará Ukréìn pa, wọ́n sì ti ìwé ìròyìn kan pa pẹ̀lú rẹ̀. Mykhailo Drahomanov, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ti lé kúrò ní yunifásítì ibẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Geneva, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé níbẹ̀. Ní Geneva yìí ni wọ́n ti tẹ ìtàn àròsọ ńlá tí Panas Myrny bá arákùnrin rẹ̀ kọ, ní 1880, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lviv, tí ó wà lábẹ́ ọba Ọ́stríà nígbà náà, níbi tí òfin Rọ́ṣíà kò dé.

Ẹni tí ó ti gbé nínú ìlú tí kì í ṣe ti baba rẹ̀ rí, tí ó sì ti rí bébà tí a tẹ ní èdè ìyá rẹ̀ níbẹ̀, kò ní béèrè ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn pàdánù. Wọn kò tilẹ̀ kúrò nílé. Nínú ilé wọn gan-an ni èdè wọn ti di àlejò tí wọ́n kọ̀ ní àga. Ọmọ wọn ń sọ ọ́ ní ìdáná, ó ń sọ ọ́ ní oko, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́, kò ní rí ìwé kan tí ó jọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé ní ọdún kan náà, 1876, ni wọ́n ya ilé ìjọsìn àwọn ará Rọ́ṣíà sí mímọ́ létí odò ní Ems, kí àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè gbàdúrà bí ó ti ń gbàdúrà nílé. Ilé náà wà níbẹ̀ di òní, pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ roboto.

Wọ́n pa Alexander Kejì ní 1881. Lọ́dún náà ni wọ́n dẹ okùn díẹ̀, tí wọ́n ní àwọn gómìnà lè gba eré orí ìtàgé láyè bí ó bá wù wọ́n. Ọdún 1905 ni Àkádẹ́mì ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ sọ fún ìjọba pé kí wọ́n mú ìdènà náà kúrò, nígbà tí ìlú sì gbóná mọ́ ọba lọ́wọ́, àṣẹ náà kò ní agbára mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún.

Ems ti yí padà lẹ́yìn àwọn ọba. Ogun àgbáyé méjì lé àwọn ọlọ́lá lọ. Àwọn tí ó wá dípò wọn ni òṣìṣẹ́ rélùwéè, olùkọ́ àti opó, tí ètò adójútòfò ìlera ń sanwó fún kí wọ́n lè lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn Jámánì fi í ṣe àwàdà pé ẹrẹ̀ gbígbóná ni tòwúrọ̀, ijó ni tìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìjọba gé owó ètò náà kù ní ọdún 1996 sí 1997, tí wọ́n dín ọjọ́ ìtọ́jú kù tí wọ́n sì fi kún ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò san, gbogbo ìlú oníwẹ̀ ní Jámánì ni ó mì. Ìlú tí ó ti fi gbogbo ilé rẹ̀ ṣe ilé àlejò ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń dùn jù. Ó ṣe Ems láǹfààní pé kò gbẹ́kẹ̀ lé omi nìkan: níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń ka ènìyàn àti ohun ìní fi ṣe ibùjókòó, ìyẹn sì ń fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù. Ilé ìwẹ̀ tuntun ṣí létí odò ní 2012. Ọkọ̀ okùn tí ń gun orí òkè lọ, tí wọ́n kọ́ ní 1979, ṣì ń gbé èrò; ti ìṣáájú, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1887 tí ó sì ń fi ìwúwo omi fa ara rẹ̀ sókè, ti dúró sí ojú kan láti ọdún yẹn.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, UNESCO fi Bad Ems sínú àwọn ìlú oníwẹ̀ ńlá Yúróòpù, mọ́kànlá ní orílẹ̀-èdè méje, tí wọ́n jẹ́ ogún gbogbo ayé. Baden-Baden àti Bad Kissingen wà nínú rẹ̀ láti Jámánì, Bath wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vichy láti Faransé, àti ìlú tí ń jẹ́ Spa ní Bẹ́ljíọ̀m, tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ààlà àwọn ará Róòmù tí ó gba ibẹ̀ kọjá ti gba oyè kan náà ní 2005, nítorí náà ìlú kékeré yìí ní ogún méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù yìí sì tún di tuntun láìpẹ́ yìí. Ní 2016 ni ẹnì kan tí ń ṣọdẹ ní òkè tí ó yí ìlú náà ká ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ọkà inú oko kan kò dọ́gba, ó ní ìlà nínú. Ìlà náà ni ojú yàrà àgọ́ ológun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́. Ní òkè kejì, ní ojú ibi tí wọ́n ń pè ní Blöskopf, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Frankfurt rí àgọ́ kékeré mìíràn, nínú yàrà rẹ̀ sì ni wọ́n ti bá igi ṣóńṣó tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fò wọlé lè gún ara rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ ti mẹ́nu ba irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i rí. Ilẹ̀ tútù ni kò jẹ́ kí igi náà jẹrà.

Fàdákà ni wọ́n wá débẹ̀. Tacitus, òǹkọ̀wé Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 47, olórí ogun kan tí ń jẹ́ Curtius Rufus fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe awakùsà ní apá ibẹ̀. Iṣẹ́ náà le, fàdákà tí wọ́n rí kò tó nǹkan, ó sì sú àwọn ọmọ ogun. Ni wọ́n bá kọ lẹ́tà ní ìkọ̀kọ̀ sí ọba ńlá wọn, pé bí ó bá fẹ́ fi ẹnikẹ́ni jẹ olórí ogun lọ́la, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ fún un ní oyè akọni kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, kí ó má baà wá fi àwọn wa oyè nínú ilẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ibi tí àwọn ti jáwọ́ kò jìnnà sí ìṣàn fàdákà gidi. Àwọn awakùsà ìgbà ìkẹyìn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ òjé àti fàdákà ní Ems títí dé 1945, rí nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù fàdákà kó nínú ilẹ̀ náà. Àwọn igi ṣóńṣó wọ̀nyẹn ni wọ́n gbé lọ sí Mainz, níbi tí àwọn onímọ̀ ti tọ́jú wọn kí afẹ́fẹ́ má baà fọ́ wọn.